Hóró Ajílẹ̀ Nínú Ilẹ̀ Pupa

Àgbẹ̀ kan fi ajílẹ̀ súpà sí ìdí àgbàdo rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Òjò rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó fi ẹnu ọkọ́ tú ilẹ̀ ibẹ̀ wò, ohun tó rí kò sì dùn mọ́ ọn rárá. Àwọn hóró aláwọ̀ eérú náà ṣì wà níbẹ̀ roboto, bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dà wọ́n jáde nínú àpò. Ó he ọ̀kan, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Hóró náà fọ́ yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́ bí ẹfun tí omi ti wọ̀. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun.

Kò sí àgbẹ̀ tó náwó sórí ajílẹ̀ tí irú èyí kò ní bí nínú. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ta ọjà náà má lẹ́bi kankan. Èèpo ni àgbẹ̀ yìí mú dání. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó fowó rà, ìyẹn fọ́sífétì, ti fi hóró náà sílẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí méjì tó fara kan ilẹ̀ tútù, ó sì ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn kí gbòǹgbò àgbàdo tó mọ̀ pé nǹkan dé. Ẹlòmíràn ọ̀hún ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tí ilẹ̀ ń fi fọ́sífétì ṣe, láti wákàtí àkọ́kọ́ títí di ọgọ́rùn-ún ọdún, ni ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ tọpa rẹ̀.

Inú fọ́sífétì ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wà, èròjà kan tí ohun abẹ̀mí kankan kò lè ṣe aláìní. Hennig Brand, ará Jámánì, ló kọ́kọ́ yọ ọ́ sọ́tọ̀ ní ìlú Hamburg lọ́dún 1669. Wúrà ni ọkùnrin náà ń wá. Ó se ìtọ̀ títí ó fi gbẹ, ó tún fi iná tó gbóná gan-an sun ìyókù rẹ̀, ó sì bá nǹkan kan pàdé tó ń tàn nínú òkùnkùn. Lára àgbàlagbà kan, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì máa ń tó nǹkan bíi gíráàmù 700, inú egungun àti eyín ni èyí tó pọ̀ jù sì wà. Lára àgbàdo, kò sí bí ewé ṣe lè sọ ìmọ́lẹ̀ oòrùn di oúnjẹ láìsí i, gbòǹgbò kì í sì í ta dáadáa bí kò bá tó. Àgbàdo tí kò rí i jẹ kì í ga, ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ á máa ní àwọ̀ elése àlùkò, ọmọ rẹ̀ á sì pẹ́ kó tó yọ.

Nígbà kan, egungun lílọ̀ ni àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń dà sí oko kí wọ́n lè rí fọ́sífétì fún ohun ọ̀gbìn. Ó ń ṣiṣẹ́ níbì kan, kì í ṣiṣẹ́ níbòmíràn. John Bennet Lawes, tó jogún ilẹ̀ Rothamsted nítòsí ìlú Harpenden, wà lára àwọn tí kò rí àǹfààní rẹ̀ lórí ilẹ̀ tirẹ̀. Ó bá da ásíìdì líle sí egungun àti òkúta fọ́sífétì, ohun tó jáde sì ń yòrò nínú omi. Súpà-fọ́sífétì nìyẹn. Ó gbàwé ẹ̀tọ́ lé e lórí lọ́dún 1842, ó dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Deptford ní ìlú London lọ́dún 1843, lọ́dún yẹn kan náà ni òun àti onímọ̀ kẹ́míkà Joseph Henry Gilbert gbin àlìkámà sí pápá kan tí wọ́n ń pè ní Broadbalk láti fi dán ajílẹ̀ wò. Wọ́n ṣì ń gbin àlìkámà sí pápá náà títí dòní.

Ọgbọ́n Lawes ni ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ ṣì ń lò. Òkúta fọ́sífétì ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: èyí tí wọ́n ń wà ní Khouribga ní Mòrókò, tàbí ní Hahotoé ní Tógò, tí kò jìnnà sí wa. Ó wà nílẹ̀ wa náà, ní Sókótó, àti ní ìpínlẹ̀ Ògùn lágbègbè Ìlaròó. Ìsàlẹ̀ òkun àtijọ́ ló ti kó jọ, eyín àti egungun ẹja sì wà lára ohun tó di òkúta náà. Nínú òkúta yìí, kálísíọ́mù di fọ́sífétì mú pinpin, omi kò lè yọ ọ́. Ásíìdì ló ń tú ìdè náà.

Ó yẹ kí ẹni tó ń ra àpò ajílẹ̀ mọ ohun tó ń rà. Lára àpò NPK 15-15-15, nọ́ńbà àárín ni ti fọ́sífétì. Nínú àpò kílò 50, èyí jẹ́ kílò 7.5 bí àwọn oníṣòwò ajílẹ̀ ṣe ń kà á láti ayébáyé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wọn fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nìkan, kò ju nǹkan bíi kílò 3.3 lọ. Kílò mẹ́ta àti díẹ̀, nínú àpò tí èèyàn méjì ń gbé ru ara wọn. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i nínú ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí àgbàdo.

Hóró súpà kan kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju hóró ọkà bàbà lọ. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Bó ṣe bọ́ sínú ilẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi mọ́ra, bí iyọ̀ tí wọ́n gbàgbé sínú àwo nígbà òjò. Omi tó fà wọlé yìí ń yọ́ fọ́sífétì inú rẹ̀, ohun tó sì wá ń ṣàn jáde padà kì í ṣe omi lásán mọ́. Ó kan gan-an. Àwọn onímọ̀ ní òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ṣe kan tó, wọ́n ń pè é ní pH. Ohun tí kò kan tí kò sì korò bí eérú wà lórí 7. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń wálẹ̀ ni ìkan ń lọ sókè, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá. Púpọ̀ nínú ilẹ̀ oko wa wà láàárín 5 sí 6.5. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ wà ní nǹkan bíi 2 sí 2.5. Omi tó ń jáde lára hóró súpà lè wálẹ̀ dé nǹkan bíi 1.5.

Irú omi bẹ́ẹ̀ kò lè kọjá lára ilẹ̀ kó má jẹ ẹ́. Bí ọsàn wẹ́wẹ́ ṣe ń bọ́ ìpẹtà lára ọ̀bẹ ló ṣe ń bọ́ irin àti alumíníọ̀mù lára amọ̀, ó ń yọ́ wọn, ó ń kó wọn dání lọ. Ìkólọ yìí ló sì ń di wàhálà fún un. Bó ṣe ń lọ síwájú, tí ilẹ̀ ń bomi là á, ìkan rẹ̀ ń rọlẹ̀. Irin àti alumíníọ̀mù kì í lè yọ́ sínú omi tí kò kan tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n á bá dì mọ́ fọ́sífétì, gbogbo wọn á sì tòrò sílẹ̀ bí ògì ṣe ń tòrò sí ìsàlẹ̀ omi. Ìrìn àjò náà kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta lọ, ìyẹn bí ìgùn oríkèé àtàǹpàkò àgbàlagbà. Gbòǹgbò tó bá wà níta àyíká kékeré yẹn kò ní mọ̀ pé ẹnì kan fi ajílẹ̀ sílẹ̀.

Hóró tí àgbẹ̀ wa tẹ̀ fọ́ ńkọ́? Nǹkan bí ìdámẹ́rin fọ́sífétì rẹ̀ lè ṣẹ́ kù síbẹ̀, nítorí pé kálísíọ́mù inú hóró náà fúnra rẹ̀ dì í mú kó tó ríbi jáde. Òun àti ìyókù tí ásíìdì fi sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ni ìyẹ̀fun tó rí. Kò sí ayédèrú níbẹ̀. Ajílẹ̀ DAP, oríṣi ajílẹ̀ fọ́sífétì mìíràn, kì í ṣe bíi súpà lọ́nà yìí. Omi tirẹ̀ kì í kan níbẹ̀rẹ̀, ìkan rẹ̀ kò sì pọ̀ tó láti jẹ amọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n jọ ń padà já sí kò yàtọ̀ púpọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìyípadà náà kì í yára mọ́, àmọ́ kì í dúró. Ká fi ilé wé e. Fọ́sífétì tó wà nínú omi ilẹ̀ dà bí ẹni tó dúró sí ìta gbangba: gbòǹgbò kàn án, ó mú un. Èyí tó ti lẹ̀ mọ́ ara amọ̀ àti ara ìpẹtà irin inú ilẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ara ìpẹtà yẹn ní àwọn ibi ìjókòó kéékèèké tí omi jókòó sí. Fọ́sífétì ń ti omi kúrò, ó ń jókòó síbẹ̀, ọwọ́ kan ló kọ́kọ́ fi dì í mú, tó bá yá á fi ọwọ́ méjì dì í. Ẹni tó wà lọ́dẹ̀dẹ̀ ṣì lè jáde bí ìta bá ṣófo. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, ó ń wọ yàrá: ó ń gba inú àwọn ihò tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ wọ inú ìpẹtà náà. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìpẹtà tuntun ń bò ó mọ́lẹ̀, bí ẹni tí wọ́n mọ mọ́ ògiri.

Nínú ilẹ̀ tí òkúta ẹfun pọ̀ sí, kálísíọ́mù ló ń ṣe iṣẹ́ yìí dípò irin. Fọ́sífétì á dì mọ́ kálísíọ́mù díẹ̀, lẹ́yìn náà á dì mọ́ èyí tó pọ̀ sí i, títí yóò fi padà di irú òkúta tí wọ́n ń wà ní Hahotoé. Ohun tí ilé iṣẹ́ fi ásíìdì tú, ilẹ̀ ń so ó padà.

Ó wu ènìyàn láti pe èyí ní òfò. Àwọn àgbẹ̀ ń sọ pé ilẹ̀ ti jẹ ajílẹ̀ àwọn, àwọn onímọ̀ pàápàá fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ ọ́ sínú ìwé bí ẹni pé fọ́sífétì tó bá ti wọ ilẹ̀ pupa ti kú nìyẹn. Kò kú. Ìṣirò kékeré kan á fi hàn. Ká ní omi tó wà nínú ilẹ̀ òkè lórí hẹ́kítà oko kan jẹ́ 500,000 lítà, tí lítà kọ̀ọ̀kan sì ní ìdá kan nínú mẹ́wàá mílígíráàmù fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, irú èyí tó wọ́pọ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju gíráàmù 50 lọ. Àgbàdo tí yóò so tọ́ọ̀nù mẹ́ta lórí hẹ́kítà yẹn nílò nǹkan bíi kílò mẹ́wàá. Ó túmọ̀ sí pé ìta gbangba gbọ́dọ̀ ṣófo kó sì tún kún nígbà 200 láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Ta ló ń kún un? Àwọn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni, àti díẹ̀ nínú àwọn tó wà ní yàrá. Bí kò bá sí ohun tí ilẹ̀ fi pamọ́, kò sí àgbàdo.

Gbogbo ilẹ̀ kọ́ ló ní iye yàrá kan náà. Lọ́dún 1962, A. J. Smyth àti R. F. Montgomery tẹ ìwé kan jáde lórí ilẹ̀ àárín gbùngbùn Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà. Orúkọ àwọn ìlú àti abúlé ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n fi pe oríṣiríṣi ilẹ̀ tí wọ́n rí: Ìwó, Ẹ̀gbẹ́dá, Oǹdó, Àpòmù, Itagunmodi. Àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ṣì ń lo orúkọ wọ̀nyí. Ilẹ̀ Àpòmù kún fún iyanrìn tí àgbàrá kó wálẹ̀ láti orí òkè. Ìpẹtà inú rẹ̀ kéré, amọ̀ rẹ̀ kéré, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kò gba èrò. Ajílẹ̀ díẹ̀ á ti hàn lára ọ̀gbìn níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í fi púpọ̀ pamọ́ de ọdún tó ń bọ̀. Ilẹ̀ Itagunmodi, lọ́nà Iléṣà, yàtọ̀ pátápátá. Òkúta dúdú tí irin kún inú rẹ̀ ló jẹrà di ilẹ̀ náà, amọ̀ rẹ̀ pọ́n fòò, ó sì jìn. Ilẹ̀ kòkó ni. Ẹni tó bá da àpò ajílẹ̀ kan náà sórí ilẹ̀ méjèèjì yìí, tó sì ń retí àbájáde kan náà, kò tíì bi ilẹ̀ léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ní Rothamsted, wọ́n ti bi ilẹ̀ léèrè fún ìgbà pípẹ́. Pápá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Exhaustion Land, ilẹ̀ tí wọ́n ń fà gbẹ. Láti ọdún 1856 sí 1901, wọ́n ń fi ajílẹ̀ fọ́sífétì sí apá kan pápá náà, wọn kò fi sí apá kejì. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n dáwọ́ dúró. Fún nǹkan bí ogójì ọdún, wọn kò fi ajílẹ̀ kankan síbẹ̀, wọ́n kàn ń kórè. Lọ́dún 1941 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún gbogbo pápá náà ní náítírójìn, bálì tó hù níbi tí fọ́sífétì ayé Lawes wà sì ń so ju ti apá kejì lọ. Lawes ti kú lọ́dún 1900. Ajílẹ̀ tó fi sílẹ̀ ṣì ń jáde láti yàrá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ síta, fún àwọn ọmọ-ọmọ àwọn tó bá a ṣiṣẹ́.

Kì í ṣe pé kì í dín kù. Ní Saxmundham, ní apá ìlà oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dáwọ́ ajílẹ̀ fọ́sífétì dúró lórí àwọn ilẹ̀ kan, wọ́n sì ń wọn èyí tí ọ̀gbìn lè rí gbà lọ́dọọdún. Ó ń dín sí ìdajì ní nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Lọ́dún tí àgbẹ̀ fi ajílẹ̀ fọ́sífétì sílẹ̀, ohun ọ̀gbìn kì í sábà rí ju ìdá 10 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ gbà. Iye yìí ló máa ń já àgbẹ̀ láyà. Ṣùgbọ́n nígbà tí J. K. Syers, A. E. Johnston àti D. Curtin ṣe àkójọ irú àyẹ̀wò ọlọ́jọ́ pípẹ́ bẹ́ẹ̀ fún àjọ FAO lọ́dún 2008, wọ́n fi hàn pé bí a bá ka ọ̀pọ̀ ọdún pọ̀, ohun tí ìkórè ń kó jáde lè tó ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n fi sílẹ̀. Ìyàtọ̀ 10 àti 90 yẹn tóbi gan-an. Ẹni tó bá ń ka ọdún kan ṣoṣo ni yóò máa sọ pé ilẹ̀ ja òun lólè.

Bràsíìlì wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti san owó ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí jù. Pápá Cerrado tó wà láàárín orílẹ̀-èdè náà fẹjú tó nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì kìlómítà níbùú lóròó. Ilẹ̀ pupa ni, ó kan, irin àti alumíníọ̀mù kún inú rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà pé igbó ẹran nìkan ló lè jẹ́. Láti àwọn ọdún 1950, onímọ̀ ilẹ̀ Colin McClung ti fi àyẹ̀wò hàn pé láìmù, ìyẹn ìyẹ̀fun òkúta ẹfun, àti fọ́sífétì lè yí i padà. Wọ́n dá ilé ìwádìí Embrapa sílẹ̀ lọ́dún 1973, Edson Lobato ṣe iṣẹ́ ìwádìí níbẹ̀, Alysson Paolinelli tó jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn lákòókò náà sì gbé owó ìjọba sẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe rọrùn láti sọ, ó ṣòro láti san: wọ́n da láìmù púpọ̀ sílẹ̀ kí ìkan ilẹ̀ lè rọlẹ̀, wọ́n sì da fọ́sífétì tó pọ̀ sí i níbẹ̀rẹ̀ títí ọ̀pọ̀ ibi ìjókòó lára ìpẹtà fi ní ẹni tó jókòó sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, èyí tí wọ́n ń fi kún un lọ́dọọdún kò ní láti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Sóyà Cerrado kún ọjà ayé lónìí. Lọ́dún 2006, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba ẹ̀bùn World Food Prize.

Àgbẹ̀ tó ń ro éékà méjì kò lè ṣe bíi Bràsíìlì. Kò sí ìdí fún un láti fọ́n ajílẹ̀ fọ́sífétì ká orí ilẹ̀ pupa, nítorí ńṣe ló ń pín hóró kọ̀ọ̀kan fún ìpẹtà tó pọ̀ jù. Èyí dun olùkọ̀wé ọ̀rọ̀ yìí púpọ̀, torí pé ó wọ́pọ̀ lójú ọ̀nà oko: ènìyàn á mú agbada ajílẹ̀ dání, á máa fọ́n ọn bí ẹni ń fún adìẹ lóúnjẹ. Ihò kékeré tí wọ́n gbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí àgbàdo, bí ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí i, tí wọ́n da ajílẹ̀ sí papọ̀ tí wọ́n sì bò, sàn jù lọ́pọ̀lọpọ̀. Níbẹ̀, fọ́sífétì á pọ̀ ju ibi ìjókòó tó yí i ká lọ, àwọn tí kò ráyè jókòó á sì dúró síta de gbòǹgbò. Àkókò ìgbìn ló sì dára jù láti fi sílẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí àgbàdo ti ga dé àyà, nítorí láti kékeré ni gbòǹgbò ti nílò rẹ̀.

Ìgbẹ́ adìẹ àti ìgbẹ́ màlúù náà ń bá fọ́sífétì jà fún ìjókòó. Bí wọ́n ti ń jẹrà, àwọn ásíìdì aláìlágbára inú wọn ń lẹ̀ mọ́ ara ìpẹtà, wọ́n ń gba àyè tí fọ́sífétì ìbá jókòó sí. Eérú ń ṣèrànwọ́ lọ́nà tirẹ̀: ó ń dín ìkan ilẹ̀ kù, fọ́sífétì sì máa ń rọrùn jù láti rí gbà nígbà tí pH bá wà láàárín 6 sí 7. Òkúta fọ́sífétì lílọ̀ tí kò rí ásíìdì ilé iṣẹ́ nílò òdì kejì rẹ̀. Inú ilẹ̀ tó kan nìkan ló ti ń yọ́, díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá da òun àti láìmù púpọ̀ pọ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn.

Nígbà tí ilẹ̀ bá wọ inú omi, nǹkan mìíràn ń ṣẹlẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ìrẹsì ń jèrè rẹ̀. Nínú àkùrọ̀ tí omi bò, afẹ́fẹ́ tán nínú ilẹ̀. Àwọn kòkòrò àìrí inú rẹ̀ á wá máa fi ìpẹtà ṣe ohun tí à ń fi afẹ́fẹ́ ṣe. Ilẹ̀ pupa á di aláwọ̀ eérú, ìpẹtà á yọ́ sínú omi, àwọn fọ́sífétì tí wọ́n ti mọ mọ́ ògiri á sì jáde nítorí pé ògiri ti wó. Ìrẹsì inú omi kì í sábà kígbe fọ́sífétì tó ìrẹsì orí òkè. Bí omi bá tún gbẹ, ìpẹtà tuntun á dì padà, á sì tún di fọ́sífétì mú, nígbà mìíràn pẹ̀lú agbára tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àgbàdo tí wọ́n gbìn sínú àkùrọ̀ lẹ́yìn ìrẹsì mọ èyí sára.

Òtílí kò dúró de omi kó tó rí fọ́sífétì gbà. Oúnjẹ àtijọ́ ni fún wa, ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú kò sì mọ̀ ọ́n jẹ mọ́. Ní ilé ìwádìí ICRISAT nítòsí Hyderabad ní Íńdíà, Noriharu Ae àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàkíyèsí pé òtílí ń rí fọ́sífétì jẹ nínú ilẹ̀ pupa níbi tí ọkà bàbà àti sóyà ti ń jìyà. Lọ́dún 1990 ni wọ́n kéde ìdí rẹ̀: gbòǹgbò òtílí ń tu ásíìdì kan jáde, tí wọ́n ń pè ní písídíìkì, tó ń gbá irin mú. Bí irin bá ti ní ohun mìíràn tó dì mú, ó di dandan kó fi fọ́sífétì sílẹ̀. Èyí tí òtílí kò jẹ tán ń bọ́ sínú ewé àti gbòǹgbò tó ń jẹrà, ohun tí wọ́n bá gbìn tẹ̀ lé e sì ń jàǹfààní. Kọ́kọ́rọ́ yàrá ni àwọn baba wa ń gbìn sáàárín ọkà.

Nítorí pé fọ́sífétì kì í rìn jìnnà sísàlẹ̀, ilẹ̀ òkè ló ń kún fún un. Àgbàrá tó bá sì gbá ilẹ̀ òkè lọ ń gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti yàrá lọ pọ̀ mọ́ ẹrù inú wọn. Ọ̀rọ̀ náà kì í parí sí oko. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, wọ́n kìlọ̀ fún àwọn ará Toledo ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà pé wọn kò gbọ́dọ̀ mu omi ẹ̀rọ, nítorí pé fọ́sífétì tó ń ṣàn láti oko wọ adágún Erie ti bọ́ ewédò olóró yó. Àwọn tó tó nǹkan bíi 400,000 ni ọ̀rọ̀ náà kàn, ó sì tó ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó mú omi náà padà.

Ọ̀nà kan wà láti mọ iye fọ́sífétì tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilẹ̀ kan. Lọ́dún 1945, Roger Bray àti L. T. Kurtz ní ìpínlẹ̀ Illinois gbé àyẹ̀wò kan jáde tí ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò ilẹ̀ ní Nàìjíríà ń lò. Wọ́n á po ilẹ̀ gbígbẹ díẹ̀ mọ́ omi tí wọ́n ti fi kẹ́míkà sí, wọ́n á mì í fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á sẹ́ ẹ. Omi tó sẹ́ kalẹ̀ mọ́ lóló. Wọ́n á wá kán èròjà kan sí i tó ń dá fọ́sífétì mọ̀, omi náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í di aró. Bí aró náà bá fẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti ṣófo. Bó bá dúdú, èrò wà níbẹ̀.

Irú òye yìí ti kúrò ní ti àgbẹ̀ nìkan. Ní nǹkan bí ọdún 1930, Olof Arrhenius ń wọn fọ́sífétì inú ilẹ̀ ní Sweden nítorí àwọn tó ń gbin bíìtì ṣúgà, ó sì rí i pé àwọn ibì kan ga ju ìyókù lọ láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ajílẹ̀ síbẹ̀. Ahoro ni àwọn ibi náà. Ibi tí àwọn ènìyàn ti dáná, tí wọ́n ti da eérú àti egungun sí, tí ẹran ọ̀sìn wọn ti sùn, ni fọ́sífétì ti wọ yàrá tó sì jókòó fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn awalẹ̀pìtàn ń fi àyẹ̀wò fọ́sífétì wá ìlú tó ti parẹ́ títí di òní. Àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá kò nílò kí ẹnì kan sọ fún un pé ibi tí ààtàn wà láyé àtijọ́ ni àgbàdo ti máa ń dúdú jù. Bí wọ́n bá bu ilẹ̀ ibẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò, tí wọ́n kán èròjà náà sí omi rẹ̀, nínú ìgò kékeré tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò ilẹ̀ oko yòókù, tirẹ̀ ló máa ń rẹ bí aṣọ àdìrẹ tó pẹ́ nínú ìkòkò aró.